Kí Ẹ Tó Gbé Kọ̀ǹpútà Yín Lọ Sórí Windows 11

Windows 10 kò kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní First Gate, ní Festac l'Ékòó, láàárọ̀ ọjọ́ kejì rí i pé ó tàn bó ṣe máa ń tàn: ó tẹ lẹ́tà, ó yẹ èsì WAEC wò, prínńtà sì pariwo bó ṣe máa ń pariwo. Ohun tó parí lọ́jọ́ náà ni àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ tí Microsoft ti ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù láti ìgbà tí Windows 10 ti jáde ní oṣù Keje ọdún 2015. Bí ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kan bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ yín máa kú mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹ kò bá sanwó fún òun lọ́sẹ̀ yìí, owó yín ló ń wá.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà wé close kan ní Festac tí àwọn ará ibẹ̀ kò san owó ọlọ́dẹ mọ́. Géètì ṣì dúró, ilé kò wó, ẹ ṣì ń wọlé, ẹ sì ń jáde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àgádágodo bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tó sì máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ lè má jẹ́ ará ilé.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti fáìlì àwọn èèyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó tó 150, ó ní kí wọ́n sanwó kí òun tó ṣí i. Nílùú Ọba, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní láti dá aláìsàn padà sílé. Microsoft sì ti fi àtúnṣe tó dí ihò náà ránṣẹ́ láti oṣù Kẹta, oṣù méjì kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gba àtúnṣe sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ẹni tí kò gbà á ni ọwọ́ bà. Ní àdúgbò tiwa, a mọ ohun tí kì í jẹ́ ká gba àtúnṣe: dátà ni. A ó padà sí ọ̀rọ̀ dátà.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Kí ẹ tó ro ti ẹwà Windows 11, tàbí ti bí bọ́tìnnì Start rẹ̀ ṣe sún sí àárín, ẹ bi ara yín ní ohun méjì: iṣẹ́ wo ni kọ̀ǹpútà yìí ń ṣe, ta ni yóò sì sunkún bí ohun inú rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ olè? Ìdáhùn yín ni yóò sọ bó ṣe yẹ kí ẹ yára tó, àti iye tó tọ́ kí ẹ ná sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú bisíńẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ jókòó ti CPU tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn, ẹ ṣí fódà Downloads. Ẹ ó bá sílíìpù NIN ẹni tó wá tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá níbẹ̀, ẹ ó bá sítétímẹ́ǹtì báńkì ẹni tó ń wá físà, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ iléèwé, ìwé ìforúkọsílẹ̀ JAMB, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ẹ ṣí Chrome, WhatsApp kọ́sítọ́mà kan tó gbàgbé láti jáde ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí oníjìbìtì ń wá kiri ti kóra jọ síbì kan ṣoṣo. Òfin ààbò dátà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2023 sì fi í lé ẹni tó bá ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ lọ́rùn pé kó dáàbò bò ó. Kọ̀ǹpútà báyìí kò gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àtúnṣe, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. (Ẹ dìde báyìí, kí ẹ lọ pa ohun tó wà nínú fódà yẹn rẹ́. Ìyẹn kò gba Windows tuntun.)

Ẹni tó ń ta pátì mọ́tò ní ASPAMDA, nínú Trade Fair, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà tó sì ń fi í wọ àkáǹtì báńkì, wà nínú ọkọ̀ kan náà. Tirẹ̀ tiẹ̀ lè le jù, torí owó gan-an ni olè ń wá bọ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìwé títẹ̀ nínú ilé, tí kò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rí, tàbí èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ fi í sílẹ̀ sórí Windows 10 rẹ̀. Fláàṣì tí àwọn èèyàn ń kì bọ̀ ọ́ nìkan ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ẹ yẹ inú ẹ̀rọ wò fúnra yín

Ọ̀fẹ́ ni Windows 11 fún ẹni tó bá ti ní ojúlówó Windows 10. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lè gbà á. Ó ń béèrè RAM 4GB, àyè 64GB lórí dísìkì, UEFI pẹ̀lú Secure Boot, TPM 2.0 (ohun ààbò inú ẹ̀rọ), àti prósẹ́sọ̀ tó wà nínú àkójọ tí Microsoft fọwọ́ sí. Ẹ má gbára lé RAM 4GB yẹn o. Ẹni tó bá fi 4GB ṣí Windows 11, Chrome àti Word pa pọ̀ yóò mọ ohun tí à ń pè ní sùúrù. 8GB ni kí ẹ kà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ hard disk àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí SSD kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Kò sí Windows tí yóò fún yín ní ìyàtọ̀ tí SSD yóò fún yín.

Ibi prósẹ́sọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti ń já. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ msinfo32, ẹ tẹ Enter. Níwájú ibi tí wọ́n kọ Processor sí, ẹ ó rí nǹkan bí i5-6500. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlà kékeré yẹn ló ń sọ ìran tí prósẹ́sọ̀ náà jẹ́: i5-6500 jẹ́ ìran kẹfà, i5-8500 jẹ́ ìran kẹjọ. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá jẹ́ márùn-ún, bí i5-10400, ẹ ka méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Ìran kẹwàá nìyẹn. Lọ́dọ̀ Intel, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ń gbà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. Lọ́dọ̀ AMD, Ryzen 2000 lọ sókè ni, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà. HP EliteBook 840 G3 jẹ́ ìran kẹfà, G4 jẹ́ ìran keje, àwọn méjèèjì kò yege. G5 tó jẹ́ ìran kẹjọ yege. ThinkPad T470 kò yege. T480 tó bá ní prósẹ́sọ̀ ìran kẹjọ yege. Nínú àwọn CPU orí tábìlì, Dell OptiPlex 7050 kò yege, 7060 yege. Ẹ rí i pé ọdún kan péré ló máa ń wà láàárín ẹ̀rọ tó wọlé àti èyí tí kò wọlé, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Lójú msinfo32 kan náà, ẹ wo BIOS Mode. Bó bá kọ UEFI, ó tán. Bó bá kọ Legacy, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó fi Windows sí i fún yín lọ́jà ló ṣe é bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ náà sì lágbára UEFI láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó. Irinṣẹ́ kan wà nínú Windows 10 tó ń jẹ́ MBR2GPT, ó lè tún dísìkì náà tò láìpa fáìlì rẹ́. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn.

Fún TPM, ẹ padà sí Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ tpm.msc. Bó bá ní òun kò rí TPM kankan, ẹ má tíì káwọ́ lérí. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìran kẹjọ, TPM wà níbẹ̀, wọ́n kàn pa á nínú BIOS ni. PTT ni wọ́n máa ń pè é níbẹ̀ tó bá jẹ́ Intel, fTPM tó bá jẹ́ AMD. Ẹ tan án, kí ẹ tún un wò. Àwọn kan ti ń wá owó kọ̀ǹpútà míì kiri nítorí nǹkan tí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Bí gbogbo èyí bá ti pọ̀ jù fún yín, PC Health Check, tí Microsoft ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, yóò dá yín lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ kọ slmgr /xpr síbi tí ẹ kọ àwọn tó kù sí. Bó bá dáhùn pé permanently activated, ẹ jókòó pẹ̀sẹ̀. Bó bá dá ọjọ́ kan tí àṣẹ yóò parí, tó sì jẹ́ kọ̀ǹpútà ara yín, tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kíráàkì ni wọ́n fi sí i. Irú kíráàkì bẹ́ẹ̀ máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa Windows Defender kí òun tó ṣiṣẹ́. Ẹ wá rò ó: ẹni tó ní kí ẹ lé ajá yín jáde kí òun tó wọlé, kí ló wá ṣe? Ohun tó ń dunni ni pé ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó bá Windows 10 jáde láti iléeṣẹ́ ló ní kọ́kọ́rọ́ ojúlówó nínú BIOS wọn. Bí wọ́n bá fi irú Windows tó bá jáde sí i padà, fúnra rẹ̀ ni yóò dá kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀ tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí kò bá yege

Ọ̀nà kan ṣì wà. Microsoft ń fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ní àtúnṣe ààbò Windows 10 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. ESU ni orúkọ ètò náà. Fún àwa tí a kò sí ní Yúróòpù, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́: kí ẹ san 30 dọ́là, tàbí kí ẹ fi 1,000 point Microsoft Rewards gbà á, tàbí kí ẹ jẹ́ kí Windows Backup máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín sórí àkáǹtì Microsoft. Ìkẹta yìí kò gba kọ́bọ̀. Òun ni mo máa ń júwe, torí kò sí wàhálà à ń wá káàdì dọ́là nínú rẹ̀. Àkáǹtì kan lè gba tó kọ̀ǹpútà 10, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ní ẹ̀rọ mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù lè kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan.

Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ kọ winver, ẹ rí i dájú pé 22H2 ló wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ wá lọ sí Settings, Update & Security, Windows Update, ẹ ó rí Enroll now. Kọ̀ǹpútà tó so mọ́ domain iléeṣẹ́ kò sí nínú ètò yìí. Iléeṣẹ́ ní láti ra tirẹ̀ ní 61 dọ́là fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́, iye yẹn sì ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún, títí dé ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá ní ogún ẹ̀rọ nínú ọ́fíìsì, kó mú kalikulétọ̀ kó tó sọ pé òun kò ní owó kọ̀ǹpútà tuntun.

Lẹ́yìn ESU, Linux Mint ló kù. Ọ̀fẹ́ ni, ó fúyẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ní RAM 4GB, ẹ sì lè gbé e sórí fláàṣì, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀, kí ẹ dán an wò láìfọwọ́ kan Windows yín rárá. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Fún ilé, fún ọmọ iléèwé, fún ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú Chrome tàbí Firefox, mo fọwọ́ sí i tọwọ́tẹsẹ̀. Fún bisíńẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà, n kò fọwọ́ sí i. Kọ́sítọ́mà á gbé CV tó fi Word kọ wá, LibreOffice á ṣí i, ìlà kan á ti sún lọ sójú ewé kejì, fọ́ǹtì á yí padà, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà méjì.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé àwọn lè fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò yege. Wọ́n lè ṣe é lóòótọ́. Rufus ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ ọ́ jáde pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nítorí àtúnṣe gan-an ni a ṣe ń sáré kúrò lórí Windows 10. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà eré, ẹ ṣe é. Bó bá jẹ́ èyí tó ń bọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́

Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ JAMB, ẹ má sì ṣe é ní ìparí oṣù tí ẹ ń ṣírò owó òṣìṣẹ́. Ẹ wá ọjọ́ tí ọjà rọ.

Iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì. CPU orí tábìlì kò ní. Ìyípadà sí Windows 11 lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lórí hard disk tó ń yí, bí NEPA bá sì mú iná láàárín rẹ̀ (orúkọ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Eko Electricity ló ń gba owó iná ní Festac), Windows lè padà sẹ́yìn láìfarapa, ó sì lè má tàn mọ́. Àdúgbò tó wà ní Band A, tí ìlérí ibẹ̀ jẹ́ iná wákàtí 20 lójúmọ́, kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ti dé 47% dán ìlérí náà wò. Ẹ lo ínfátà, tàbí kí ẹ rọ epo kún jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. UPS kékeré tó ń ké pípí yẹn kò lè gbé e dé òpin. Ààyè àtitan jẹnẹrétọ̀ nìkan ló máa fún yín.

Dátà ló tẹ̀lé e. Fáìlì Windows 11 máa ń tó 5GB tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ márùn-ún, ẹ má jẹ́ kí olúkúlùkù fà á fúnra rẹ̀. Ẹ fi Media Creation Tool fà á lẹ́ẹ̀kan, lóru tí dátà òru wà, sórí fláàṣì tó tó 8GB, kí ẹ máa gbé fláàṣì náà káàkiri. Fún àtúnṣe oṣooṣù tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Delivery Optimization nínú Windows Update, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí Wi-Fi kan náà máa pín in láàárín ara wọn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní ìdí tí yóò fi máa pa àtúnṣe mọ́.

Ẹ kó fáìlì yín sórí hard disk ìta, kì í ṣe sórí Desktop: fódà ìṣirò, páswọ́ọ̀dù tó wà nínú Chrome, àwòrán. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan nínú BIOS, ẹ wò bóyá BitLocker, tó ń ti dísìkì pa, wà ní títàn. Bó bá wà, ẹ kọ recovery key rẹ̀ sínú ìwé. Windows 11 tuntun tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft tò lè ti dísìkì bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ láìbéèrè. Kọ́kọ́rọ́ náà máa ń wà lórí àkáǹtì yẹn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnjiníà fi ímeèlì tirẹ̀ tò ó fún yín. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá béèrè kọ́kọ́rọ́, ẹ lè wá ẹnjiníà náà tì.

Bó bá wọlé tán, ẹ wo OneDrive. Ó lè ti máa gbé Desktop àti Documents yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ 5GB péré ló fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà yín ni yóò máa jẹ. Ẹ dá a dúró nínú Settings rẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 10 ni ẹ ní láti fi padà sí Windows 10 láti inú Settings, System, Recovery. Ẹ lò ó dáadáa: ẹ dán prínńtà wò, ẹ dán sikánà wò, ẹ dán ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wò, ẹ ṣí ètò ìṣirò yín, ẹ tẹ ìwé gidi jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kí ẹ pa fódà Windows.old rẹ́ kí àyè lè pọ̀ sí i, ẹ ní kó dúró títí ọjọ́ 10 yóò fi pé. Nǹkan àtijọ́ kan á wà tí kò ní gbà; Windows 11 kò ní ẹ̀dà 32-bit, torí náà dráífà prínńtà tí wọ́n kọ fún 32-bit nìkan kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe prínńtà náà kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Bó bá di pé ẹ máa ra òmíràn

Àwọn ọ́fíìsì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń kó ẹ̀rọ tí kò yege sílẹ̀, ibi tó sì ń bọ̀ ni a mọ̀. Ìwádìí kan fi hàn pé lọ́dún 2015 sí 2016, nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò iná mànàmáná àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dọọdún, apá kan nínú rẹ̀ sì ti kú kó tó dé. Láti Tin Can àti Àpápá, wọ́n ń gba Mile 2 kọjá lọ sí Alábà.

Nítorí náà, ní Alábà tàbí ní Computer Village, Windows 11 tó ń tàn lójú ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹni tó ń tà á lè ti fi Rufus gbé e sórí ìran kẹfà láàárọ̀ yẹn. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ kọ msinfo32 kí ẹ tó dúnàá-dúrà. Ẹ ka prósẹ́sọ̀, ẹ wo tpm.msc, ẹ kọ slmgr /xpr. Bó bá kọ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ̀rọ ìran kẹfà kì í ṣe ìdọ̀tí, ó dára fún Mint. Owó Mint ni kí ẹ san fún un, kì í ṣe owó Windows 11.

Èyí tí ẹ ń gbé kúrò ńkọ́? Kí ẹ tó tà á tàbí kí ẹ tó fi fún àbúrò, ẹ lọ sí Reset this PC, ẹ mú Remove everything, ẹ wá tan Clean data nínú Change settings. Ó máa pẹ́ o, lórí hard disk ńlá ó lè gba òru mọ́jú. Bí ẹ̀rọ náà kò bá tàn mọ́, ẹ tú u, ẹ yọ dísìkì rẹ̀ sọ́dọ̀, kí ẹ wá ta ìyókù fún onípáńda.